Ọkọ́ Tó Di Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Bí Ọlọ́run bá fún èèyàn ní imú, ó yẹ kó fi mí, kó fi gbóòórùn òjò tó ń bọ̀, kó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà tí tirẹ̀ kò mọ níbẹ̀. Ó ní imú òun, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó ní òun lè jókòó nínú ọ́fíìsì, kí òun gbóòórùn ẹni tó mutí ní òpópónà kẹta, kí òun mọ iye ife tó mu, kí òun sì mọ̀ bóyá ó sanwó tàbí àwìn ló gbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Imú-Ìjọba. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn o. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kàn ń bá a gbé e ni.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣí fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá, wọn á tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Imú-Ìjọba, ẹ kú àárọ̀ o!" ni àkọ́kọ́ á wí.

"Imú tí kì í ṣìnà!" ni ìkejì á gbà á.

Òṣìṣẹ́ tuntun kan sín lọ́jọ́ kan nítorí òtútù. Wọ́n gbé e lọ sí ẹnubodè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ̀gá ní ó ń fi imú òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ̀rọ kan wà ní àgọ́ náà tí wọ́n fi ń yẹ ọtí wò lára awakọ̀. Èèyàn á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀rọ á sì ké bí ọtí bá wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o dé, inú páálí ló wà lẹ́yìn àga ọ̀gá, kò sẹ́ni tó já èdìdì rẹ̀ rí. Kóòtù rẹ̀ ló máa ń gbé lé e.

"Kí la fẹ́ fi irin ṣe," ló máa ń wí, "nígbà tí ẹran ara wà lórí ìjókòó?"

Wọn á pàtẹ́wọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yé wọn.

Àmọ́ àṣẹ kan tó pa ló bí wàhálà tí a fẹ́ sọ yìí. Akọ̀wé kan wà ní àgọ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń lo gíláàsì, tó máa ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ. Lọ́jọ́ kan ni Imú-Ìjọba gbé ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Akọ̀wé! Kí ni gbogbo ìgbẹ́ eṣinṣin tí o tò sórí ìwé yìí?"

"Àmì ohùn ni, sà. Kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà ni."

"Kó yí padà lọ síbo? Ṣé ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ ni?" Ó yíjú sí àwọn yòókù kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìdajì yíǹkì ìjọba ló ń ṣòfò sórí tóótòòtó! Ẹni tó bá ní làákàyè á mọ ohun tó ń kà. Láti òní lọ, ẹni tó bá tún fi ìgbẹ́ eṣinṣin sórí ìwé, ahọ́n rẹ̀ ló máa fi lá a kúrò!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé náà pa tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni pa ẹ̀fọn.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ní apá kejì ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń po kọnkéré. Ó kù díẹ̀ kó pé àádọ́ta ọdún. Pò-ó-jinná ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí àwọn bíríkìlà bá pariwo lókè pé, "Kọnkéré dà?" èsì rẹ̀ kì í ju, "Ẹ jẹ́ kó jinná ná" lọ, bí ẹni pé orí iná ló wà. Ṣọ́bìrì ni gbogbo ayé fi ń po kọnkéré. Pò-ó-jinná kọ̀. Ọkọ́ ni tirẹ̀, ọkọ́ kan báyìí tí èékù rẹ̀ ti dán bíi dígí. Ó ní ṣọ́bìrì ń da sìmẹ́ǹtì láàmú ni, ọkọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá àgbẹ̀," ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wí, "ẹ ò kúkú gbin nǹkan sí i?"

"Ilé ni mo gbìn," lòun náà á wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń hù?"

Kò sí ìgbéraga kankan lára rẹ̀ àfi lórí nǹkan méjì: ọkọ́ rẹ̀, àti ọtí tó ti fi sílẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tó ti búra fún ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó yìí, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí pé pín-ìnnì máa ń wà láàárín ètè rẹ̀. Lọ́jọ́ tó búra, obìnrin náà yọ pín-ìnnì náà lẹ́nu, ó ní, "Bàbá wọn, ọjọ́ tí ẹ bá tún mu ún, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa sùn." Ó dá pín-ìnnì padà. Ọ̀rọ̀ parí. Látìgbà náà ni Pò-ó-jinná ti ń fi ọtí tí kò mu ṣe fáàrí káàkiri. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀mùtí nímọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò béèrè.

Nítorí náà, ẹ fojú inú wo ìtìjú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ìyàwó wẹ́dà tó ń jó irin fún wọn bí ọmọ tuntun. Wẹ́dà gbé ìgò wá, ó ní kò sẹ́ni tó máa kọ̀ ọ́. Pò-ó-jinná sọ̀rọ̀ ìyànjú fún un fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ewu ọtí. Lẹ́yìn náà ló mu ife kan. Ó ní ó korò ju bí òun ṣe rántí rẹ̀ lọ, ló bá mu ìkejì láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni.

Ní wákàtí yẹn kan náà, Imú-Ìjọba náà ń sọ̀rọ̀ ìyànjú ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ awakọ̀. Wákàtí méjì gbáko ló fi ṣàlàyé bí ọtí ṣe ń ba ayé awakọ̀ jẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Àwọn awakọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wá nǹkan fi tu ọ̀fun náà lára. Wọ́n tù ú pẹ́. Nígbà tó jáde, òun nìkan ló wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ sì ń lọ, àmọ́ ọ̀nà ò bá a lọ. Níwájú ilé alájà mẹ́ta yẹn, ọkọ̀ náà kúrò lójú títì, ó gun òkìtì iyanrìn, ó sì ki imú bọ̀ ọ́.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Imú-Ìjọba sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn ògiri láti lọ bì.

Pò-ó-jinná ti lọ pọn omi wá. Nígbà tó dé, ó bá ọkọ̀ lórí òkìtì tó fi ọkọ́ rẹ̀ lé. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan kú. Èyí tiwa yìí, ó gbé garawa omi sílẹ̀, ó wólẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn awakọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó ń fọwọ́ wa iyanrìn bí adìyẹ.

Báyìí ni Imú-Ìjọba ṣe padà dé tó bá a.

"Ta nìyẹn? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wá ọkọ́ ni, sà."

Imú-Ìjọba wo ọkọ̀. Ó wo òkìtì iyanrìn. Ó wo ọkùnrin tí iyanrìn kún irun rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wà níta. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Ọlọ́run ti rán awakọ̀ sí òun.

"Imú mi ti gbọ́!" ló pariwo. "Ọtí! Ọtí wà níhìn-ín!"

Òótọ́ sì ni, ọtí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tinú Pò-ó-jinná ni èyí tó kéré jù.

Ní àgọ́, akọ̀wé bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Pò-ó-jinná tún sọ gbólóhùn kan náà, pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọ̀gá dé. Akọ̀wé kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, láìfi ìgbẹ́ eṣinṣin kankan sí i: *Mo n wa oko ni nigba ti oga de.* Pò-ó-jinná fọwọ́ sí i. Imú-Ìjọba ka ìwé náà, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó gba ìwé oyè. Ó ní ọ̀daràn ti jẹ́wọ́: ó ń wa ọkọ̀ ni nígbà tí ọ̀gá dé. Ẹ̀sùn: wíwa ọkọ̀ ìjọba láìgba àṣẹ, pẹ̀lú ọtí lójú. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó Pò-ó-jinná wá bá a lẹ́nu irin àtìmọ́lé.

"Bàbá wọn, wọ́n ní ẹ mutí, ẹ wakọ̀ ọlọ́pàá."

"Irọ́ ni! Èmi tí mi ò lè wa kẹ̀kẹ́ ọmọdé!"

"Gbogbo rẹ̀ ni irọ́?"

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ló ti yẹ kó sọ òtítọ́. Ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀, àyè sì wà.

"Gbogbo rẹ̀," ló wí.

Obìnrin náà wò ó. Ó mọ irọ́ nínú aṣọ, bí wọ́n bá fi òwú búburú rán an. Ó lọ wá ẹni tó máa dúró fún un kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Imú-Ìjọba ní òun fúnra òun ni òun máa rojọ́ náà. Ó kó ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án dání láti máa mi orí. Adájọ́ jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í gbójú kúrò nínú ìwé rẹ̀.

"Olúwa mi!" ni Imú-Ìjọba bẹ̀rẹ̀. "Bí ìjì bá ń jà, bí ọ̀run bá ń ya, bí gbogbo ìlú bá sùn tí wọ́n ń hanrun, imú kan wà tí kò sùn! Imú kan wà—"

"Ẹ bá wa dé ibi ẹjọ́, ọ̀gá."

"Mo ti ń bọ̀ níbẹ̀, Olúwa mi. Imú yìí, nígbà tó wà lọ́mọdé—"

Ó sọ ìtàn imú náà títí di ìgbà tí ilé ẹjọ́ fi lọ sinmi fún oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀fun rẹ̀ tún ti gbẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ ohun tí wọ́n máa ń fi tù ú.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, adájọ́ ní kí ó ka ẹ̀rí. Imú-Ìjọba na ìwé náà jáde, ó fi ohùn bí ti oníwàásù kà á: "*Mò ń wa ọkọ̀ ni nígbà tí ọ̀gá dé!*"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!" ni Pò-ó-jinná pariwo nínú àpótí olùjẹ́jọ́. "Ọkọ́ ni! Ọkọ́ mi ni mo ní mò ń wá!"

"Ó ti fọwọ́ sí i, Olúwa mi!"

"Ẹ gbé ìwé náà wá," ni adájọ́ wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbójú sókè. Ó sún ìwé mọ́ ojú, ó sún un sẹ́yìn. "Ọ̀gá, kò sí àmì kankan níbí. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń wà. Ó lè jẹ́ pé ọkọ́ ló ń wá. Ó tún lè jẹ́ pé ọkọ ló ń wá."

"Ọkọ kẹ̀?" ni ìyàwó Pò-ó-jinná wí láti ẹ̀yìn. "Èmi ńkọ́?"

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ lu tábìlì. "Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta yìí kọ," ló wí, "àmọ́ mi ò ní pè é ní ilé ẹjọ́ mi. Olùjẹ́jọ́, kí lẹ sọ gan-an?"

Ìwé kẹrin ni Pò-ó-jinná kà dé kó tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, àfi orin àmì ohùn kan ṣoṣo tí tíṣà fi pàṣán kọ́ wọn. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì kejì, ó sì kọ ọ́:

"Dò-mí-mí-re-mí, mà. *Mò ń wá ọkọ́.* Èyí tí ọ̀gá kà, dò-mí-re-re-dò ni. Ìyẹn kì í ṣe tèmi."

"Ta ló kọ ìwé yìí?"

Akọ̀wé dìde. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Imú-Ìjọba ń fojú pa á. Gbogbo ọdún tó ti fi pàtẹ́wọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ sì lè rí i pé ó wúwo.

"Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, akọ̀wé?"

"Dò-mí-mí-re-mí, mà," ni akọ̀wé wí. "Wọ́n ní kí n má fi àmì sí i ni."

Ṣé ẹ rò pé ó yẹ kí Imú-Ìjọba jókòó? Àwa tí a kì í ṣe ọ̀gá, à bá ti jókòó. Òun fò dìde.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìwé sílẹ̀! Kí ni ìwé? Imú mi ni ẹ̀rí! Ọtí tí mo gbóòórùn lọ́jọ́ náà, mo gbóòórùn rẹ̀. Imú yìí kì í ṣìnà! Àní nísinsìnyí," ó tú imú ká, ó mí sínú títí bọ́tìnnì fi fẹ́ já, "nísinsìnyí, Olúwa mi, ẹnì kan ti mutí wọ inú ilé ẹjọ́ yìí! Ó le, ó tutù, kò tíì pé wákàtí kan! Mo fi iṣẹ́ mi búra!"

Ọkàn Pò-ó-jinná já. Kò mu nǹkan kan lọ́jọ́ náà ju omi lọ, àmọ́ ẹni tó ti parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, gbogbo ìka ló dà bíi pé òun ló ń nà sí. Ó pa ẹnu dé, kò fẹ́ mí.

"Ẹ fi iṣẹ́ yín búra?" ni adájọ́ bi í.

"Mo fi búra!"

"Ẹ ò ní ẹ̀rọ kan lágọ̀ọ́ yín tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí?"

Àgọ́ kò jìnnà, títì nìkan ló là á. Akọ̀wé lọ, ó sì gbé páálí dé pẹ̀lú kóòtù ọ̀gá lórí rẹ̀. Wọ́n já èdìdì rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé ka ìwé ìlànà rẹ̀ sókè, pẹ̀lú gbogbo àmì.

"Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò," ni adájọ́ wí, ó sì fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò ké. Pò-ó-jinná fẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ dì pinpin. Ẹ̀rọ kò ké. Ìyàwó rẹ̀ yọ pín-ìnnì lẹ́nu, ó fẹ́ tirẹ̀. Kò ké.

"Ó yá, ọ̀gá."

"Imú-Ìjọba kì í fẹ́ atẹ́gùn, Olúwa mi. Ó ń fà á sínú ni."

"Ẹ fẹ́ ẹ."

Ó fẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà, tó ti wà nínú páálí láti ọjọ́ pípẹ́, ké bí ọmọ tí wọ́n fi omi tútù wẹ̀. Akọ̀wé ń tẹ bọ́tìnnì kiri, kò dákẹ́.

Ẹ má ṣe bú imú yẹn o. Kò ṣìnà. Ọtí tó gbóòórùn, ọtí ni lóòótọ́. Ibi tó sún mọ́ ọn jù ni kò ronú kàn.

Nígbà náà ni akọ̀wé tún dìde, láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gun iyanrìn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun, kò sì sẹ́ni tó bá a jáde. Adájọ́ wo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ń mi orí. Àjà ni wọ́n ń wò. Ó dá Pò-ó-jinná sílẹ̀, ó sì ní òun máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí àwọn ọlọ́pàá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ti gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ Imú-Ìjọba. Wọ́n ní òtútù ńlá kan bọ́ sí àgọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ń sín, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí Pò-ó-jinná pé kó kọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà sílẹ̀, láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi mú un, kó má fi nǹkan kan pamọ́, nítorí pé bí wọ́n bá bá irọ́ kan níbẹ̀, gbogbo ẹjọ́ ọ̀gá lè fọ́.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ó kọ bó ṣe jí. Ó kọ iye garawa omi tó pọn. Ó dé ibi ọmọ tuntun wẹ́dà, bírò sì dúró. Ó wò ó bóyá bírò ti gbẹ. Kò gbẹ. Ó ronú pé òun lè fò ó, ta ló máa mọ̀? Lẹ́yìn náà ló rántí ọkùnrin kan tó fi imú búra nílé ẹjọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tó parí, ó na ìwé náà sí ìyàwó rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Obìnrin náà kà á jẹ́jẹ́. Ó yọ pín-ìnnì lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Ife méjì."

"Méjì ni."

"Ẹ ní gbogbo rẹ̀ ni irọ́."

"Ìyẹn gan-an ni irọ́ tí mo pa."

Ó ká ìwé náà dáadáa, ó fi sínú àpò ìwé. "Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn báyìí," ló wí. "Bí ẹ bá dé, ẹ wá bá mi gbé ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ ò ní fẹ́ kí n máa jókòó lásán nílé ẹ̀gbọ́n mi."

Báyìí ni Pò-ó-jinná ṣe gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rù la àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, tí ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì. Wọ́n gba iwájú ilé ẹjọ́. Àwọn èèyàn jáde.

"Pò-ó-jinná! Akọni! Ẹni tó na ọlọ́pàá lórin!"

"Ẹ dúró ká kí yín dáadáa!"

"Ẹ má dá a dúró," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹrù ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Wọ́n dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì fi ohùn tó fi kọrin nílé ẹjọ́ bi í léèrè:

"Ìyá wọn, títí dìgbà wo?"

Obìnrin náà ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ife méjì," ló wí, "ọ̀sẹ̀ méjì."

Pò-ó-jinná ń rìn padà lọ sílé lóun nìkan, orí rẹ̀ fúyẹ́, àwọn èèyàn ṣì ń kí i ní òsì àti ọ̀tún. Ó ń dúpẹ́, ó ń gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n rò pé ẹjọ́ tó borí ló ń dúpẹ́ fún. Wẹ́dà yẹn ti bu ife kẹta fún un lọ́jọ́ náà, ó ti gbé e dé ẹnu; ohun tó jẹ́ kó gbé e sílẹ̀ láìmu ún ni ariwo àwọn bíríkìlà lókè pé, "Kọnkéré dà?"